Bí Omi Ṣe Ń Tòrò: Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Pẹ̀lú Ìwé Àkọsílẹ̀ ní Ayétòrò-Èkìtì

Nínú èdè wa, omi ni ó kọ́kọ́ ń tòrò kí ayé tó tòrò. Bí a bá pọn omi odò lásìkò òjò, tí ó pọ́n bí omi amọ̀, a kì í dà á nù. A ó dà á sínú ìkòkò, a ó dé e, a ó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹrẹ̀ yóò ti sùn sí ìsàlẹ̀, omi mímọ́ gaara yóò sì wà lókè. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ ṣa ẹrẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Àyè láti farabalẹ̀ ni a fún un. Láti inú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni Yorùbá ti rí orúkọ fún ìlú tí wọ́n fẹ́ kí àlàáfíà wà níbẹ̀: Ayétòrò.

Orúkọ náà pọ̀ káàkiri. Ayétòrò wà ní ilẹ̀ Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òmíràn wà ní etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí omi òkun ti ń jẹ ilé àti ilẹ̀ àwọn ènìyàn láti ọdún pípẹ́ wá. Ẹ ò rí i pé orúkọ nìkan kò tó láti mú kí ayé tòrò? Èyí tí mo lọ ni Ayétòrò-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Osì, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kò jìnnà sí Ìdó-Èkìtì tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìlú àgbẹ̀ ni, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú agbègbè náà. Kò sí ohun ìyanu kan níbẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò ń tìtorí rẹ̀ wá ya fọ́tò. Ìdí tí mo fi yàn án gan-an nìyẹn.

Ẹrù tí mo gbé lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi yóò mọ ẹrù náà láìjẹ́ pé mo tú u. Lára àwọn tí a jọ gboyè jáde, ìdajì ti wà ní òkè òkun, àwọn tó kù ń kó ìwé jọ láti lọ. Èmi ń fi ìwé kíkọ jẹun: iṣẹ́ kan yóò dé lóṣù yìí, oṣù tí ó tẹ̀ lé e yóò gbẹ bí ọ̀gbẹlẹ̀. Ohun tó wá burú ni pé mo ti di ẹni tí ń jí ní agogo mẹ́ta òru, tí ń gbé fóònù wò bóyá ẹnìkan ti dá mi lóhùn, tí kò sì ní lè sùn mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá béèrè pé báwo ni nǹkan, ohun tí kò dára nìkan ni ó máa ń wá sí mi lẹ́nu. Kì í ṣe pé mo ń parọ́. Àwọn ohun rere kàn ti sá kúrò ní iwájú mi ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ayétòrò ló ní kí n lọ lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé 80 kan àti bírò méjì ni mo rà dání. Ìpinnu mi kò ju méjì lọ: ní ìdájí, n ó jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, ní alẹ́, n ó kọ ohun tí ojú mi rí àti ohun tí ọkàn mi rò sílẹ̀, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn.

Ọjọ́ kejì àkọ́kọ́ kò rọrùn. Bí mo bá ti di ojú, gbogbo ohun tí mo ń sá fún ní ìlú ńlá ni yóò tò wá sí iwájú mi. Mo wá rántí omi inú ìkòkò. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á tán, ìgbà náà ni ó máa ń dàrú jù lọ.

Ìkíni tí ó jẹ́ àṣàrò

Ọ̀rọ̀ méjì ni a ní tí a sábà máa ń pa pọ̀: ìrònú àti àṣàrò. Bí a bá ní ẹnìkan ń ronú, ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. A máa ń sọ fún un pé kí ó má ronú mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í sọ pé kí ènìyàn má ṣe àṣàrò mọ́. Ìrònú a máa yí po lójú kan bí ẹṣin tí a so mọ́ èèkàn. Àṣàrò ní ibi tí ó ń lọ: ó gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú òye.

Ní Ayétòrò, ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́ mi ní àṣàrò ni ìkíni. Bí mo ti ń kọjá lọ ní òwúrọ̀, àwọn ìyá tí ń gbálẹ̀ a kí mi pé ẹ kú àjíǹde. Ẹni tí ń ti oko bọ̀ ni a kí kú oko. Ẹni tí ń yan gàrí ni a kí kú iṣẹ́, ẹni tí ó dúró de ọkọ̀ ni a kí kú ìdúró. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń kí irú ìkíni bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò tíì jókòó rò ó rí. Kí a tó lè kí ènìyàn bí ó ti yẹ ní èdè Yorùbá, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń ṣe, àsìkò tí ó wà àti ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá. Ìkíni wa ń fi ipá mú wa rí ọmọnìkejì wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ṣe ìyẹn fún ara mi nínú ìwé: mo kọ gbogbo ìkíni tí wọ́n kí mi lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ 23. Ènìyàn 23 ni ó rí mi, èmi tí mo ń rò pé kò sí ẹni tí ó rí mi.

“A dúpẹ́” ni a sì máa ń fi dáhùn bí wọ́n bá béèrè pé ṣé a jí dáadáa. Ó ti di ọ̀rọ̀ tí ń jáde fúnra rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ó ń bi wá léèrè pé: kí gan-an ni ẹ ń dúpẹ́ fún? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ti tò ó: inú rírò ni ó ṣáájú, ọpẹ́ ni ó tẹ̀ lé e.

Bàbá àti ìwé òjò

Ní ọjọ́ kẹrin ni mo pàdé bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ó rí mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì béèrè ohun tí mo ń kọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó sì gbé ìwé ìkọ̀wé bíi mẹ́jọ jáde, èyí tí eteetí wọn ti ká kò. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó ti ń kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lálaalẹ́: bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, ohun tí ó ṣe lóko, ẹni tí ó yà kí i.

Ó ṣí ojú ewé kan fún mi. Ìlà méjì péré ni ó wà níbẹ̀: “Òjò kò rọ̀. Ìyàwó mi lọ lónìí.” Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ewé mẹ́fà tẹ̀ léra tí kò ní ju déètì àti “òjò rọ̀” tàbí “òjò kò rọ̀” lọ. Ní ọjọ́ keje ni ó kọ ọ́ pé: “Òjò rọ̀ díẹ̀. Mo jẹ iyán.”

Mo ní, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Bàbá.”

Ó dúpẹ́, ó sì ní, “Ọmọ mi, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ a máa rò pé bí ó ti rí lára òun lónìí ni yóò máa rí títí. Ìwé yìí ni kò jẹ́ kí n pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Nígbà tí ọdún kejì bọ́ sí i, tí mo rò pé n kò tíì gbádùn ohunkóhun láti ìgbà tí ó ti lọ, mo ṣí i, mo sì rí i pé mo ti jẹ iyán.”

Gbogbo àlàyé tí mo ti kà nípa àǹfààní ìwé àkọsílẹ̀, n kò rí èyí tí ó ju ìyẹn lọ. Ìbànújẹ́ kì í ní ìrántí tó dára. Ohun tí ó bá jọ ọ́ nìkan ni ó ń rántí. Ìwé máa ń rántí gbogbo rẹ̀.

Àwọn tí ó ti kọ ọ́ ṣáájú wa

Àwọn kan lè rò pé àṣà òyìnbó òde òní ni kíkọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Ó ti pẹ́ láàárín wa. Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò tí Samuel Àjàyí Crowther kọ nígbà tí ó bá wọn lọ sí odò Ọya ní 1841 jáde ní ìwé ní 1842. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS a máa kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Méjì nínú wọn, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n ń rìn láàárín àgọ́ Ìbàdàn ní Ìgbájọ àti àgọ́ Èkìtìparapọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní 1886 láti wá àlàáfíà sí ogun Kírìjì, ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ogun yìí gan-an ni àwọn ìlú Èkìtì ń rántí títí di òní. Lójú ogun bẹ́ẹ̀ náà, àwọn kan jókòó kọ ohun tí ojú wọn rí.

Ní Ìbàdàn, Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó, kọ ìwé àkọsílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ó wà ní ilé ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá rò pé ènìyàn ńlá kì í ráhùn owó yóò rí gbèsè àti àníyàn rẹpẹtẹ níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ náà ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìṣẹ́jú 15 kọ nípa ohun tí ó dùn wọ́n jù lọ láyé, fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀léra. Bí wọ́n ti kọ ọ́ tán lójoojúmọ́, ṣe ni inú wọn tún bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn tí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bí ó ti rí lára wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn iléèwé tó àwọn yòókù. Ní 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough ní kí àwọn kan máa kọ ohun márùn-ún tí wọ́n ń dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn mìíràn máa kọ ohun tí ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àwọn tí ń kọ ọpẹ́ ní ojú tó dára jù tí wọ́n fi ń wo ìgbésí ayé wọn. Ní ti àṣàrò, láti 1979 ni Jon Kabat-Zinn ti ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts bí wọ́n ṣe lè jókòó ti èémí ara wọn, ní ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Omi méjì ní Ìkógòsì

Ní ọjọ́ kẹfà, mo wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìjerò àti Aramọkọ lọ sí Ìkógòsì. Láti ibẹ̀ lọ sí apá Ẹ̀fọ̀n Aláayè, òkè ni ó yí ni ká. A ní ara òkìtì náà ni orúkọ Èkìtì ti jáde.

Ẹ ti gbọ́ nípa omi Ìkógòsì: omi gbígbóná ń sun, omi tútù ń sun, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Ní àwọn ọdún 1950 ni John McGee, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti ní ìtàn tiwọn tipẹ́: pé aya ọdẹ kan ni àwọn méjèèjì, pé èyí tí ó gbóná ni onínúfùfù, èyí tí ó tutù ni onísùúrù. Níbi tí wọ́n ti pàdé, mo ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀tún, mo ki èkejì bọ òsì. N kò lè sọ pé omi yẹn gbóná, n kò sì lè sọ pé ó tutù. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyí: fífi ojú rere wo ayé kò túmọ̀ sí kí a dí ojú omi gbígbóná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìwúrí tí a ń kà kiri ń sọ fún wa pé kí a má fẹnu kan ohun tí kò dára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ní Èkìtì yìí kan náà, àwọn agbébọn pa ọba méjì, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní Èmùrè. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ó léwu ni àwọn èrò ń sọ. Ta ni yóò wá sọ fún wọn pé kí wọ́n kàn rẹ́rìn-ín? Ẹrù tí ó yẹ kí a bà, ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí a kọ ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: pé awakọ̀ náà rọra wa ọkọ̀, pé ìyá kan fún mi ní ọsàn, pé a dé.

Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ibojì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìsọjí ọdún 1930, wà, àwọn olùjọsìn a sì máa lọ gbàdúrà níbẹ̀. Yálà ẹ jẹ́ Kristẹni tí ń gun orí òkè, Mùsùlùmí tí ń ka tẹ̀sùbáà lẹ́yìn àsùbáà, tàbí oníṣẹ̀ṣe tí ń fọwọ́ kan orí rẹ̀ kí ó tó jáde nílé, àyè ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò ṣàjèjì sí ilé yín. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ènìyàn ní ọjọ́ tí ó ń padà wá yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò.

Ibi tí agbára ìwé mọ

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín. Àìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kò lọ, gẹ́gẹ́ bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Bí ènìyàn kò bá lè sùn, tí kò lè jẹun, tí nǹkan kò wù ú ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ó ń rò ó pé ikú sàn, dókítà ni ó yẹ kí ó rí, ní kíá, kí ó sì sọ fún ẹni tí ó fọkàn tán. Láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Àrò, Abẹ́òkúta, tí ó sì ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé dípò àhámọ́. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Mùhámmádù Bùhárí buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 sì ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ mọ́.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú kí ìwé náà má di ibi tí ẹ ó ti máa tú egbò kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ń kọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí inú yín sì ń bàjẹ́ sí i, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ wá ènìyàn bá sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Kò dìgbà tí ẹ bá dé Èkìtì. Ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ nìyí:

Ẹ jí ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú àwọn ará ilé. Ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù. Ẹ jókòó, kí ẹ máa ka èémí yín láti ení dé ẹ̀wá, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọkàn yín bá sáré lọ sí ọjà, ẹ rọra pè é padà. Ẹ má nà án.

Ní alẹ́, ẹ kọ ìlà mẹ́ta: ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀, bí ó ti rí lára yín, àti ohun kan tí ẹ ń dúpẹ́ fún. Ẹ jẹ́ kí ọpẹ́ náà ní ojú àti imú. “Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí” dára, ṣùgbọ́n “mo dúpẹ́ pé àbúrò mi pè mí, a sì rẹ́rìn-ín” ni ẹ ó lè rántí.

Ẹ fi èdè tí ẹ fi ń sunkún kọ ọ́. Fún èmi, Yorùbá ni. Nígbà tí mo bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń dà bí ìwé ìwáṣẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ padà ka ti gbogbo ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni èrè wà. Ẹ ó rí àníyàn ọjọ́ Ajé tí ó ti pòórá ní Ọjọ́rú, àti oore tí ẹ ìbá ti gbàgbé.

Àpò owó mi kò wúwo sí i nígbà tí mo kúrò ní Ayétòrò. N kò tíì mọ ibi tí iṣẹ́ oṣù tí ń bọ̀ yóò ti wá. Mo ṣì ń jí ní agogo mẹ́ta lóru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìwé ni mo ń gbé báyìí dípò fóònù, mo sì ń wá àwọn ojú ewé tí mo ti kọ ọ́ sí pé mo jẹun, pé mo rẹ́rìn-ín, pé ẹnìkan kí mi. Ẹrẹ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ṣùgbọ́n omi tó wà lókè ti tó bù mu.